Yìgì Kí Sẹ́ẹ̀lì Tó Padà Dé

Ọjọ́ tí Mariyah kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Haleem, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló gbé lọ, kò mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ náà wà nínú ẹrù. Aṣọ ọmọdé ló máa ń rán ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀sì ìyá rẹ̀ ní Ọjà Balógun, ẹ̀rọ náà sì ti ń já òwú láti àárọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí kì í rẹ́ èèyàn jẹ. Ó bá a lórí àpótí, gíláàsì lójú, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá èérún òwú kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ ẹlòmíràn.

"Ta ló ní kí ẹ fi òróró ìdáná sí i?" ó bi í, kò tilẹ̀ tíì kí i.

"Epo ẹ̀rọ ló tán."

"Òróró tí ẹ fi ń dín dòdò lẹ wá fi ń rán aṣọ ọmọ ọlọ́mọ."

Ó yẹ kí Mariyah bínú, ẹ̀rín ló rín. Kí Haleem tó ṣiṣẹ́ náà tán, ìrun Màgàríbì ti dé. Àwọn ọlọ́jà tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin níwájú, obìnrin lẹ́yìn, Haleem náà sì ni lèmọ́mù wọn. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó mọ́, ó sì ń ka Kùránì bí ẹni tó ń rìn kiri nínú ilé ara rẹ̀. Mariyah jẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà pé orí rákà kejì ni nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ sí òun. Kí Ọlọ́run dárí jì í, kò yẹ kí èèyàn máa ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí ìrun.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọnu. Ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mélòó kan láìṣàìsàn wá di ohun tí kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ó má gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ìyá rẹ̀, Àlájà Sàfúrátù, ń wò ó, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀ dáadáa, tí "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Mariyah ní ìgbà wo ni àwọn èèyàn Haleem máa wá kí ìyá òun. Haleem gbé ẹ̀rọ tó wà lórí itan rẹ̀ sílẹ̀. Ó fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Wo ibí yìí kí n tó rán ẹnikẹ́ni sí wọn."

Kókó kan wà lábẹ́ etí rẹ̀, òmíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mariyah ti rí wọn tẹ́lẹ̀, ó rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

"Jẹjẹrẹ ni," Haleem wí. "Lìnfómà ni wọ́n ń pè é, inú àwọn kókó ara ló ń gbé. Wọ́n ti fi oògùn lé e lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún padà."

"Ṣé ó máa ń pa èèyàn?"

"Tèmi ń rìn jẹ́jẹ́. Dókítà ní èèyàn lè gbé ọdún púpọ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ó sì lè ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ́jọ́ kan. Wọn ò lè sọ ọjọ́ náà."

Mariyah sọ̀kalẹ̀, ó gbàgbé ẹ̀rọ rẹ̀ sọ́hùn-ún. Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe irú ẹ̀rù tó ń mú èèyàn sunkún; irú èyí tó ń mú èèyàn ro bí òun ṣe máa sá lọ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí òun ni. Kò gòkè mọ́, kò gbé fóònù. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun jẹ ọkùnrin náà. Wọn ò tíì mọ ara wọn lọ títí, kò sì sí ẹni tó máa bá òun wí tí òun bá jáwọ́. Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kò lè jáwọ́. Ó gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ní ọ̀sẹ̀ kejì.

"Ẹ̀rọ mi ńkọ́?"

"Ó ti ṣe tán láti ọjọ́ yẹn."

"Tún un ṣe sí i," ó wí, ó sì jókòó.

Hussainat ni wọ́n fi ṣe alárinà. Bàtà ló ń tà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù Àlájà, ìyá rẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n bàbá Haleem, nítorí náà kò sí ẹni tó tún yẹ kí wọ́n rán. Nílùú Èkó wa níbí, alárinà ló ń wádìí ilé tọ̀tún tòsì: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí àrùn tó ń bá ìdílé jà. Ohun tó bá rí tí kò dáa, á fi adùn díẹ̀ sí i kó tó gbé e délé kejì, gbogbo ayé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Hussainat mọ iṣẹ́ náà ju ìta bàtà lọ.

"Ara ẹ̀ le koko, Àlájà," ó wí. "Ọrùn nìkan ló máa ń dùn ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ àbẹ̀rẹ̀ṣe ni iṣẹ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Haleem kó tó di alẹ́. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ bá Àlájà ní ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn yádì lẹ́ẹ̀sì.

"Ẹ má bínú, mà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín nípa ọrùn mi, kò pé."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Àlájà ń ká lẹ́ẹ̀sì kan, ó tú u, ó tún un ká.

"O ṣeun tó o sọ fún mi," ó wí nígbà tó yá. "Ọmọ gidi ni ẹ́. Mi ò ní fún ẹ lọ́mọ."

"Mo gbọ́, mà."

"Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ o. Oyún Mariyah ló wà nínú mi nígbà tí wọ́n gbé òkú bàbá ẹ̀ wọlé. Inú yàrá tí mo ti jókòó opó náà ni mo bí i sí. Mi ò fẹ́ kí òun náà mọ bí inú yàrá yẹn ṣe rí."

Haleem tún dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ. Hussainat tẹ̀ lé e dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó ń fi ọwọ́ gbá ọwọ́.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ṣé èmi náà ń wá tún ẹ̀rọ ṣe fún ẹ ni?"

Àkókò kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Mariyah kò dẹ́kun àtilọ sókè, Àlájà kò dẹ́kun àtimáa wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, kókó abẹ́ etí Haleem bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, òmíràn yọ ní abíyá, òógùn sì ń mú un lóru débi pé ó ń pààrọ̀ aṣọ orí ibùsùn. Àrùn tó ń rìn jẹ́jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ilé ìwòsàn kan wà ní ìhà Marina tí wọ́n ti ń dán ìwòsàn tuntun kan wò. Mariyah bá a lọ, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Dókítà Ọláyẹmí, obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, yí àga rẹ̀ kọjú sí wọn.

"A máa fa ẹ̀jẹ̀ yín," ó wí fún Haleem. "A máa ya àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà sọ́tọ̀, a máa fi wọ́n ránṣẹ́ sókè òkun. Wọ́n máa tún wọn ṣe níbẹ̀ kí wọ́n lè dá jẹjẹrẹ yìí mọ̀ tí wọ́n bá rí i, nítorí títí di ìsinsìnyí, wọ́n ń kọjá lára ẹ̀ ni, wọn ò mọ̀ pé ọ̀tá ni. Tí wọ́n bá padà dé, a máa dá wọn padà sínú ẹ̀jẹ̀ yín."

"Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́?" Mariyah bi í.

"Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn níbòmíràn. Fún àwọn kan, kò ṣiṣẹ́. Ìdánwò ni, mi ò ní parọ́ fún yín. Tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá bẹ̀rẹ̀ ìjà, ibà líle máa ń dé. Nígbà mìíràn ó máa ń dé orí, èèyàn á máa sọ ìsọkúsọ, kò ní mọ ibi tó wà. A ní oògùn ẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tètè mọ̀. Àwọn kan ti kú nínú ẹ̀."

Dókítà náà ní ohun kan ṣì kù: ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú Haleem nínú yàrá rẹ̀ tọ̀sán tòru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Láìsí ẹni náà, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ màmá mi ò dáa," Haleem wí. "Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìlọrin."

"Èmi ńkọ́?" Mariyah wí.

"Ṣé ìyàwó wọn ni yín?"

Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀. Dókítà kò ní òfin kankan lórí ìyẹn, ó kàn béèrè ni. Ṣùgbọ́n agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ Mariyah dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin tí kò sí yìgì láàárín wọn kò lè sun yàrá kan, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ò lè dìde. Haleem tó ń ṣe lèmọ́mù àwọn ọlọ́jà gan-an kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n fi àwọn sẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́. Ó di kí wọ́n máa retí. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, wọ́n dúró létí omi, Mariyah sì sọ ohun tó ti ń rò.

"Jẹ́ ká ṣe yìgì kí wọ́n tó padà dé."

"Rárá. Mi ò ní fẹ́ ẹ torí kí n lè rí ẹni tọ́jú mi."

"Ta ló sọ pé torí ẹ̀ ni?"

"Tí mo bá kú ńkọ́? Oṣù tó o di ìyàwó lo fẹ́ di opó?"

Inú bí Mariyah. Ẹ̀rù ló sọ ara rẹ̀ di ìbínú, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a dúró. "Tó o bá kú láì fẹ́ mi, ta ló máa kí mi kú àjálù? Wọ́n á ní mo mọ ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó ti kú, kí n dìde kí n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní ibi kankan tí mo ti máa sunkún ẹ."

Haleem fi ọwọ́ méjèèjì di irin etí omi mú.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mariyah. Mo máa ń ṣe bíi pé kò bà mí, àmọ́ ó ń bà mí gan-an."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù nínú yàrá kan."

Àǹkú Mọ̀núrù, ẹ̀gbọ́n bàbá Mariyah, ni wálíì rẹ̀, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í fún ọkọ. Agbo ilé wọn kò jìnnà sí ààfin ọba ní Iga Idunganran, yàrá bàbá náà sì kọjú sí àgbàlá. Nígbà tí Mariyah ti sọ gbogbo rẹ̀ fún òun àti Àlájà, ó ní kí ìyá àti ọmọ wọlé wá jókòó. Hussainat náà wọlé, kò sẹ́ni tó pè é.

"Àrùn tí ẹ ní ó ń rìn jẹ́jẹ́," Àlájà wí, "kí ló dé tí ẹ fẹ́ lọ fi igi tọ́ ọ?"

"Kò rìn jẹ́jẹ́ mọ́, Ìyá mi."

"Wọ́n sì pè é ní ìdánwò. Ìyẹn ni pé dókítà gan-an ò mọ ìdáhùn."

"Kò mọ̀ ọ́n, mà. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa."

"Kí lo wá ń bá a lọ ṣe?" Àlájà yí padà sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o rò pé mo kàn le lórí ni? Mo mọ ohun tó ń ṣe ẹ́. Ó ṣe èmi náà. Bàbá ẹ jáde láàárọ̀, ó ní kí n bá òun fi ẹja pamọ́."

Mariyah wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rù kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì.

Àǹkú Mọ̀núrù dá sí ọ̀rọ̀ náà. "Sàfúrátù, èmi ni wálíì, mo lè fún un. Ṣùgbọ́n ìwọ lo tọ́ ọmọ. Sọ tẹnu ẹ kí n gbọ́."

"Mo ti gbọ́, Àǹkú. Ẹ ṣe é. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èmi ni mo fún un. Tó bá bàjẹ́, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi wo ojú mi kó ní èmi ni."

Ilé ìwòsàn pè láàárín ọ̀sẹ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ti fẹ́ dé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n so yìgì ní mọ́ṣáláṣí agbo ilé. Ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ni Haleem fi ṣe sàdáàkì, ẹ̀bùn yìgì fún ìyàwó, àwọn àgbààgbà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò pẹ́. Àǹkú Mọ̀núrù ló fi Mariyah fún un. Àlájà Sàfúrátù ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó jókòó síbẹ̀, àwọn tó rí i ní kò ta nǹkan kan.

Láti mọ́ṣáláṣí, ilé ìwòsàn ni tọkọtaya náà gbà lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fún Haleem ní oògùn líle tó ń palẹ̀ mọ́ nínú ara. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì dé, nínú àpò kékeré kan tí kò ju àpò omi tí wọ́n ń tà létí títì lọ. Ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán kó tó pẹ́. Yàrá náà ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń se àgbàdo, ohun tí wọ́n fi pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà mọ́ nínú yìnyín ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Mariyah ti ń retí nǹkan ńlá, kò sì sí nǹkan kan. Ìyẹn tún wá bà á lẹ́rù ju nǹkan ńlá lọ.

Ibà dé, ó ga, wọ́n fún un lóògùn, ó rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì Angela, ọmọ àdúgbò Campos tó máa ń fi àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n wá ṣe họníímùùnù lọ́dọ̀ òun, ń wá bi Haleem ní ìbéèrè láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: kí lorúkọ yín, ibo la wà yìí, ọdún wo la wà, ẹ kọ gbólóhùn kan fún mi. Gbólóhùn kan náà ni Haleem ń kọ, pé oúnjẹ ibí kò níyọ̀.

"Tèmi, ìbéèrè inú ìwé ni mò ń bi wọ́n," nọ́ọ̀sì náà sọ fún Mariyah lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Ohunkóhun tí kò bá ti jọ wọ́n, ẹ pè mí. Ẹ má rò pé ẹ̀ ń yọ mí lẹ́nu."

Mariyah wá di ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ń ṣọ́ bó ṣe ń mu omi, ó ń ṣọ́ bó ṣe ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Tí Haleem bá dákẹ́ díẹ̀, á wá ohun tí yóò bi í. Ìyàwó tuntun ni, ó yẹ kó máa wo ojú ọkọ rẹ̀ fún nǹkan mìíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì Angela bi í ní ìbéèrè rẹ̀, Haleem dáhùn gbogbo rẹ̀ láìṣì. Nígbà tí ìrun Màgàríbì tó, ó ní òun lè dúró. Mariyah tẹ́ ẹní fún un, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn tó gbọ́ lọ́jọ́sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Balógun náà ló gbọ́, ó rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́. Rákà kìíní lọ dáadáa. Ní rákà kejì, Haleem ka Fátíhà dé ìdajì, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mariyah rò pé ó fẹ́ tún un kà ni. Ó dé ìdajì, ó tún padà.

Obìnrin kì í la ohùn lẹ́yìn lèmọ́mù tó bá ṣì, ọwọ́ ló ń pa. Mariyah pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Haleem dé ìdajì, ó padà. Ó tún pàtẹ́wọ́, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohùn náà ń bá a lọ, ó tutù, ó dùn, ó ń yí po lójú kan, bíi pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ rárá. Fátíhà ni. Ó ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ.

Mariyah kò já ìrun rí láyé rẹ̀. Ó já a, ó ṣílẹ̀kùn, ó pe Nọ́ọ̀sì Angela pẹ̀lú ohùn tí òun gan-an kò mọ̀ pé òun ní.

Nígbà tí Dókítà Ọláyẹmí fi máa dé, Haleem ti jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́yìn náà gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n fa oògùn sí i lára, wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ara wọn ò yá rárá.

"Ó ti dé orí," dókítà náà wí. "Ó dáa tí ẹ tètè pè wá. Oògùn ti wọlé. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Mariyah pe ìyá rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ṣé ó ti kú?" Àlájà bi í.

"Rárá, mà. Kò mọ̀ mí mọ́."

Fóònù náà gé. Mariyah jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó rò pé ìyá òun ti já a sílẹ̀, kò sì rí ẹ̀bi rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí i tó ń bọ̀ láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, téèpù tó fi ń wọn lẹ́ẹ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mariyah ń retí kí ìyá rẹ̀ sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Àlájà jókòó tì í.

"O ti jẹun?"

"Kò wù mí jẹ."

"Ó yẹ kó o jẹun." Ó gbá orí ọmọ rẹ̀ mọ́ èjìká. "Èmi náà ò lè jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí bíi pé ọkọ tèmi ni."

Kò padà sí ọjà. Ní gbogbo ìgbà tí Haleem fi wà níbẹ̀ láìmọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, ìyá àti ọmọ jọ ń pín bẹ́ǹṣì náà ni. Nígbà tí wọ́n bá jẹ́ kí wọ́n wọlé, Àlájà á máa fi òróró pa ẹsẹ̀ Haleem tó ti gbẹ, á máa ṣe àdúrà lábẹ́ ẹnu. Mariyah ń bẹ̀rù ohun méjì: pé kò ní jí, àti pé tó bá jí, ẹlòmíràn ni yóò jí. Èkejì yìí kò ṣeé sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí n má fi yín sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kókó. Nígbà tí wọ́n ṣe sikáànù fún un lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọn ò rí kókó kankan mọ́. Dókítà Ọláyẹmí kò sọ pé ó ti tán, ó ní àwọn yóò máa wò ó, wọ́n sì ń wò ó títí di òní. Tọkọtaya náà kì í sùn dáadáa tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́lé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ èyí ní ọ̀sán ọjọ́ tí Haleem la ojú tó sì wo Mariyah.

Mariyah wà létí ibùsùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àlájà wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ojú Haleem ò tíì dé. Haleem wo ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Mariyah," ó wí.

Ojú Haleem bọ́ sí ọwọ́ wọn tó so kọ́ra, ó yára fa tirẹ̀ kúrò.

"Kí lo ń ṣe níbí? Ta ló jẹ́ kó o wọlé?"

"Haleem, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Jọ̀ọ́, lọ síta. Ìyá ẹ ti ní àwọn ò ní fún mi. Tí wọ́n bá gbọ́ pé a jọ wà nínú yàrá kan, ó tán."

Haleem mọ Mariyah, ó mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí, ẹ̀rọ tuntun, gbogbo òru tó ti fi ṣọ́ ọ, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé ohun tó bá gbàgbé lè padà wá sí i lórí, ó sì lè má padà. Ó wá di pé òun nìkan ló ní ọkọ, ọkọ náà kò ní ìyàwó.

Àga kan dún lẹ́bàá fèrèsé. Haleem yí orí, ó rí Àlájà Sàfúrátù, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀. Ó fẹ́ dìde dọ̀bálẹ̀ lórí ibùsùn tòun ti gbogbo wáyà tó wà lára rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò pè é o. Mi ò mọ bó ṣe wọlé."

"Dùbúlẹ̀," Àlájà wí, ó tẹ èjìká rẹ̀ padà sórí ìrọ̀rí. "Ìyàwó ẹ ni. Wọ́n ti so yìgì yín."

Haleem wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Ta ló fún mi?"

Mariyah wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀.

"Èmi ni," Àlájà wí. "Èmi ni mo fà á lé ẹ lọ́wọ́. Ìwọ lo ò rántí."

Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Haleem, ó pa ìka rẹ̀ dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bò wọ́n.

"Ṣé o ti rántí báyìí?"

Omi ti bo ojú Haleem. "Mo ti rántí, mà," ó wí.